Kọ́ Kan fún Bẹ́ẹ̀ Ni

Òkè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe ni ọ́fíìsì wọn wà,
ní Arbroath, létí òkun Skọ́tílándì,
níbi tí èéfín ẹja kì í kúrò lára aṣọ.
Àtẹ̀gùn mẹ́rìndínlógún,
fún àwa tí mẹ́fà máa ń dá jókòó!
Senga ní owó ẹgbẹ́ kò ká yàrá ìsàlẹ̀.
Ó gbé àga kan sí agbedeméjì,
ó lẹ ìwé mọ́ ọn: Sinmi. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ.

Orúkọ àìsàn wa gùn ju okùn kànga lọ;
kí dókítà tó pè é tán, ìpéǹpéjú mi ti wálẹ̀.
Kì í pani kíá, kì í sì í fini sílẹ̀,
bí àlejò tó jẹun tán tó ń bèèrè ibi tẹ́ní wà.
Láàárọ̀ mo lè gbé agbọ̀n ẹja;
tó bá di ìrọ̀lẹ́, ṣíbí á wúwo bí ìdákọ̀ró.
Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín sí aládùúgbò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi kò gbọ́.
Ó ní mo ti ń gbéraga.

Senga ló ń gbé fóònù láàárọ̀,
torí bí aago mẹ́ta bá ti lù,
ohùn tirẹ̀ náà á máa wọ́ nílẹ̀ bí bàtà tó tóbi jù.
Dougal á wá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òru,
Dougal tí kò ṣàìsàn kankan.
Ẹ̀wù òjò Ishbel, ìyàwó rẹ̀, ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Ọdún mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó ní kó ká a kúrò.

Effie ni akápò. Méjì-méjì ló ń rí nǹkan.
Ó kà á, ó ní a ti là.
Ó fọwọ́ bo ojú kan, ó tún un kà:
pọ́n-ùn mọ́kànlélógójì.

Wọ́n ń jà o, ẹ má rò pé áńgẹ́lì ni wọ́n.
Wọ́n jà lórí sítáǹbù, wọ́n jà lórí bisikíìtì.
Effie kọ̀wé fipò sílẹ̀, ẹlẹ́ẹ̀kẹfà lọ́dún kan;
Senga ká ìwé náà sí mẹ́rin,
ó fi há abẹ́ tábìlì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú.

Lóru ọjọ́ kan nínú oṣù kejì,
ohùn mi lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ,
ó há mi lọ́fun bí eegun ẹja.
Mo pe nọ́ńbà tí nọ́ọ̀sì kọ fún mi,
mo sì ń mí sínú rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.
Ẹlòmíì ìbá pa á.
Dougal kò bèèrè pé ta nìyẹn.
Ó ní, "Mo mọ ìdákẹ́jẹ́ yìí, a jọ gbélé rí.
Fi ìka lu fóònù.
Kọ́ kan fún bẹ́ẹ̀ ni, méjì fún bẹ́ẹ̀ kọ́.
Ṣé itọ́ kò ṣeé gbé mì?"
Kọ́.
"Ṣé ẹnìkan wà lọ́dọ̀ rẹ?"
Kọ́, kọ́.
"Jókòó ṣánṣán. Má dùbúlẹ̀."
Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe òpópónà ìlú wa láti etíkun wá sókè,
jẹ́jẹ́, bí olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì:
Seagate. Marketgate. Millgate. Keptie.
Kọ́.
Lẹ́yìn náà nọ́ńbà ilé, oókan, eéjì,
títí ó fi dé mẹ́tàlélógún.
Mo gbọ́ tó ń fi fóònù kejì pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn,
kò sì gbé tèmi sílẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni mo máa ń wá ká lẹ́tà báyìí.
Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ dúpẹ́,
á ní tíì òun ń tutù.
Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá,
mo fi ìka lu tábìlì: kọ́.
Kò gbójú sókè.
Kọ́, kọ́, ló fi dáhùn,
ó ní kí n lọ gbé omi kaná.